Ìbuwọ́lùwé Ọjọ́ Ẹtì

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ yín nìyí?”

Ìyá Ògbufọ̀ ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì kí obìnrin tó na ìwé kan sí i yìí tó wọlé, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún họ ọrùn ẹsẹ̀ òsì ní tirẹ̀. Ó fẹ́ fa bàtà náà mọ́ra, àmọ́ ikùn kò jẹ́ kó rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fojú kanra gbẹ̀yìn. Ó bá fi bàtà sílẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ sórí imú, ó gba ìwé náà.

“Ọwọ́ mi ni,” ó ní. “Ta ni ì bá tún jẹ́? Wo ìrù tí mo fi sí i nídìí bí ìrù eku. Ọkọ mi ní lọ́jọ́ tí mo bá sọnù, ìrù yìí ni wọn ó fi wá mi rí.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní báàgì kékeré kan lápá, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ bá mi ka ohun tó wà lókè ọwọ́ yín, mà.”

Kò sídìí fún kíkà. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Ògbufọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè yìí. Tí wọ́n bá jí i lójú oorun, ó lè kà á láìlajú. Ó kà á ṣá. “Mo jẹ́rìí pé mo ka ìwé yìí fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè rẹ̀. Ó yé e. Ó ní òun kò fẹ́ rí adájọ́, òun sì gbà láti padà sí orílẹ̀-èdè òun láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú òun.”

Ó wo orúkọ tó wà lókè. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wá wo déètì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àná nìyẹn.

Lánàá, Ìyá Ògbufọ̀ kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Inú ló ń ṣu ú láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, títí ọkọ rẹ̀ fi ní kó kúkú gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sílé ìyàgbẹ́, kó yéé yọ òun lẹ́nu pẹ̀lú ìró ilẹ̀kùn.

“Kí lọkùnrin yìí jẹ́ sí ẹ?”

“Ọkọ mi ni.”

“Jókòó.”

Obìnrin náà jókòó sétí àga. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárọ̀ yẹn tí kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Olùkọ́ lọkọ òun ní òdìkejì ẹnubodè. Òun ló ṣáájú àwọn olùkọ́ nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló sì sọ lórí rédíò pé ojoóró ni ìbò tí ìjọba dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti sun ilé àwọn. Àwọn sá wá síbí, ọdún kẹrin rèé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àwọn méjì tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó fi ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó tẹ̀ lé wọn.

“Ta ló fún ẹ ní ẹ̀dà ìwé yìí?”

“Lọ́yà ni. Nígbà tó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i, wọ́n na ìwé yìí sí i lójú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, ọkọ mi ló ní òun fẹ́ lọ. Lọ́yà yára ya fọ́tò rẹ̀. Aago mẹ́rin òní ni mọ́tò máa gbé e kọjá, mà.”

“Bóyá ó ní òun fẹ́ lọ lóòótọ́.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?”

Ìyá Ògbufọ̀ mú bébà kan lórí tábìlì, ó wò ó, ó tún fi í sílẹ̀.

“Àwọn méjì ni wọ́n gbé kọjá báyìí lọ́dún tó kọjá,” obìnrin náà ní. “Ẹnì kan, inú àpótí ni wọ́n ti dá a padà fún àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹnì kejì, títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Lọ́yà ní tí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yìí bá lè wá búra níwájú adájọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, adájọ́ lè dá mọ́tò náà dúró. Ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Aago méjì ni kóòtù ń dìde.”

Aago ara ògiri sọ pé mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

“Lọ bá lọ́yà rẹ, kí ẹ jọ dúró níwájú kóòtù,” Ìyá Ògbufọ̀ ní. “Mi ò ṣèlérí kankan o. Ṣé o gbọ́ mi? Mo kàn ní kí o lọ dúró.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Wọn kì í dá àlejò kọjá ẹnubodè yìí láìsí ìwé ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń dá padà jẹ́ oníṣòwò tí àkókò ìwé wọn ti kọjá, tàbí ẹni tó kó ẹrù sábẹ́ àga mọ́tò. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé jàre. Lọ́dún àkọ́kọ́, Ìyá Ògbufọ̀, tó gbọ́ èdè òdìkejì lẹ́nu ìyá tó bí i, ń ka ìwé náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Lọ́dún kejì, ó ń ka ìdajì. Nígbà tí orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, òun àti akọ̀wé ọ́fíìsì dá ọgbọ́n kan. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á fọwọ́ sí ogún ìwé òfìfo, akọ̀wé á kó wọn sínú àpótí tábìlì rẹ̀, òun á sì tètè forí lé ilé lọ na ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá padà, akọ̀wé á kọ orúkọ àti déètì kún un. Tí ẹnikẹ́ni bá kùn, Ìyá Ògbufọ̀ á ní, “Ìbuwọ́lùwé mi ò tíì pa èèyàn rí.”

Akọ̀wé yìí ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Sítáǹpù, nítorí pé kò sí ohun tó kọjá níwájú rẹ̀ tí kì í lù ní òǹtẹ̀. Wọ́n ní ó lu búrẹ́dì lọ́jọ́ kan. Ìyá Ògbufọ̀ bá a níbi tó ti ń gbá eruku orí fáìlì.

“Sítáǹpù, ta ló kọ orúkọ sórí ìwé mi lánàá?”

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé.

“Ìyá, Ọ̀gá ló ní kí n mú ọ̀kan wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní inú yín ń ṣu.”

“Ìdí mi ló ṣiṣẹ́ lánàá, Sítáǹpù. Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ọwọ́ yín ti ṣe tiẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì.”

Ó sọ ọ́ láìní èrò ibi, bí ẹni tó ń rántí ètò iṣẹ́. Ìyá Ògbufọ̀ rí i pé òótọ́ ni, ó sì gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá aṣọ́bodè jẹ́ ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti àkọ́bí Ìyá Ògbufọ̀ mu. Ó dìde fún un nígbà tó wọlé. Ó máa ń dìde fún un nígbà gbogbo.

“Mọ́mì, ṣé ara ti yá? Ẹ jókòó.”

“Ara ti yá, sà. Ìwé ọkùnrin olùkọ́ yẹn ni mo bá wá. Mi ò rí i rí, sà. Mi ò kàwé kankan fún un.”

“Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ṣe ń mí gùlegùle báyìí?” Ọ̀gá jókòó, ó fọwọ́ to àwọn fáìlì iwájú rẹ̀ kí etí wọn dọ́gba. “Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yìí ju èmi àti yín lọ. Àwọn aráabí òdìkejì ní ẹnì kan tiwa lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ó ń bú ìjọba wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ tiwọn, a fẹ́ tiwa. Àwọn àgbà ti bára wọn sọ ọ́ tán lórí fóònù. Kí ni adájọ́ tún fẹ́ wá ṣe láàárín?”

“Ìwé yẹn sọ pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.”

“Ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí. Ó wà ní yàrá ẹrù. Ẹ kà á fún un, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Ṣé mo purọ́?”

Ẹ ò bá rí bí ara ṣe fúyẹ́ fún ìyá àgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù sọ̀. Ó ń yí lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó ti yẹ kí ó rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyí, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi pẹ́.

Yàrá ẹrù ni wọ́n ń kó ọjà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ sí. Olùkọ́ jókòó sórí káàtọ́ọ̀nù ọṣẹ, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ níwájú. Ẹfun ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Aṣọ́bodè tó ń ṣọ́ ọ jáde lọ mu sìgá. Ìyá Ògbufọ̀ wá ibi jókòó, kò rí, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

Ó fi èdè ìyá rẹ̀ kí i. Ọkùnrin náà gbójú sókè wàrà.

“Láti ọjọ́ Ajé,” ó ní, “ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè mi.”

“Má tíì dúpẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé rẹ.”

Olùkọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ lásán tó ti gbàgbé láti fi sínú bàtà.

“Mo rò pé ọkùnrin ni,” ó ní. “Ọkùnrin kan tó gbẹ, tó wọ táì. Láti àná ni mo ti ń ṣépè fún un.”

“Bóyá èpè yẹn ló mú mi nínú,” ni Ìyá Ògbufọ̀ wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò jìnnà. Ó wá ka ìwé náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, bó ti ń kà á lọ́dún àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà tẹ́tí títí ó fi parí.

“Ó yé mi,” ó ní. “Mi ò gbà. Mo fẹ́ rí adájọ́. Tí wọ́n bá gbé mi dé ọ̀hún, mi ò ní pé oṣù kan láyé.”

“Mo gbọ́.”

“Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ta lẹ máa sọ ọ́ fún?”

Ó bi í bí olùkọ́ ti ń bi ọmọ tó mọ ìdáhùn, tí ojú kàn ń tì láti nawọ́. Ìyá Ògbufọ̀ ká ìwé náà pọ̀, ó jáde.

“Ó ní òun ò gbà, sà,” ó sọ fún Ọ̀gá. “Ó ní adájọ́ ni òun fẹ́ rí.”

Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀gá kò dìde.

“Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, Mọ́mì.”

Ó tún un sọ.

“Mi ò gbọ́. Oṣù méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé àgbàlagbà bíi yín fọwọ́ sí ìwé òfìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí tí mo bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ó di dandan kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè. Owó ìfẹ̀yìntì lọ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n sì ni, Mọ́mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣé ẹ ti dé ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin rí?”

“Mo ti lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

“Ẹ mọ bí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe mọ nígbà náà.”

“Mo mọ̀. Kò lè gbà mí.”

“Ẹ lọ sílé,” Ọ̀gá ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ẹ lọ sinmi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín kò tíì yá.”

Ilé kò jìnnà. Ọkọ rẹ̀, tó fi ogójì ọdún wa mọ́tò ńlá, tí Ìyá Ògbufọ̀ àti gbogbo àdúgbò sì ń pè ní Dẹ́rẹ́bà títí di òní, jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, ó ń kan ẹsẹ̀ àga tó ti ń kàn láti oṣù tó kọjá. Àwọn ìbejì ọmọ ọmọ wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti lọ síléèwé.

“O tètè dé. Ṣé ó tún ti dé ni?” ó ní. “Ilé ìyàgbẹ́ ṣófo o, má bẹ̀rù.”

Ìyá Ògbufọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì rò ó fún un láìfi bò. Dẹ́rẹ́bà gbé òòlù sílẹ̀.

“Ìwọ nìkan kọ́,” ó ní. “Nígbà tí mo ń wakọ̀, ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ láràárọ̀ pé a ti yẹ bíréèkì wò. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ tèmi.”

“Ṣé bíréèkì yín já rí?”

“Kò já.”

“Tèmi ti já.”

Dẹ́rẹ́bà fi ìka ro etí rẹ̀, ó wo ojú títì.

“Má lọ,” ó ní. “Wọn ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọn ó gba owó ìfẹ̀yìntì, wọn ó sì tì ẹ́ mọ́lé. Kí ni n ó wá sọ fún àwọn ìbejì? Ta ni ó máa bá mi fi nǹkan ra ẹ̀yìn lálaalẹ́? Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò sì bẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́.”

“Ẹ bẹ̀ mí nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi.”

“Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Orí mi ò pé nígbà yẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín bó ti sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá Ògbufọ̀ kò ranjú mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé tí òun bá wò ó pẹ́, òun ó jókòó ti í títí aago mẹ́rin ó fi lù, àwọn méjèèjì á sì jọ gbọ́ ọ.

“Kì í ṣe pé mo láyà,” ó ní. “Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Tí eku bá sáré kọjá, orí tábìlì lẹ ti máa bá mi. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn méjì ọdún tó kọjá yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló wà lórí tiwọn. Ẹ ò rí i pé mi ò tiẹ̀ lè rántí? Tí mo bá pa èèyàn méjì, ṣé kò yẹ kí n rántí?”

Ó wọlé lọ, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ìpàdé òbí níléèwé àwọn ìbejì. Nígbà tó jáde, ó ń tiraka láti fi bàtà sẹ́sẹ̀, ó ń mí, ó ń fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Dẹ́rẹ́bà wò ó fúngbà díẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó fi bàtà náà sí i, ó sì so okùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó tún gbé òòlù rẹ̀.

Lọ́yà kéré ju àbíkẹ́yìn Ìyá Ògbufọ̀ lọ, aṣọ dúdú rẹ̀ sì fẹ̀ jù ú lọ bí ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí Ìyá Ògbufọ̀ tó dé iwájú kóòtù. Aago kan àbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n pè wọ́n wọlé. Ìyá Ògbufọ̀ ti dúró nínú kóòtù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n sì máa ń fi í sí. Òní ni wọ́n tọ́ka sí àyè tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí fún un. Ó búra.

“Ẹ máa sọ̀rọ̀, Ìyá,” adájọ́ ní.

“Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ò kúrò nílé—”

“Ta ló ní?”

“Èmi ni, Olúwa mi. Ẹ má bínú. Mi ò sọ̀rọ̀ tèmi nínú ilé yìí rí.”

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ti inú tó ń ṣu, nítorí wọ́n ní kó sọ òtítọ́ gbogbo. Akọ̀wé kóòtù bojú rẹ̀. Ó sọ ti ogún ìwé ọjọ́ Ẹtì. Ó sọ ti ọdún mọ́kànlá. Ó sọ ohun tí olùkọ́ wí ní yàrá ẹrù, ó sì sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní èdè olùkọ́ àti ní èdè kóòtù, kí ó má bàa dín.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń sọ yìí lè gbé ẹ̀yin gan-an dé ẹ̀wọ̀n?”

“Wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀, Olúwa mi. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn méjì kan wà tí wọ́n gbé kọjá lọ́dún tó kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tiwọn náà wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni.”

Adájọ́ tẹjú mọ́ ọn. Ó wá fa bébà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkùnrin náà kúrò nílùú yìí títí ọjọ́ méje, wọ́n sì gbọdọ̀ mú un wá síwájú òun kí ọjọ́ méje náà tó pé. Àwọn ìwé ọdún tó kọjá, kí wọ́n kó wọn wá pẹ̀lú rẹ̀. Ti Ìyá Ògbufọ̀, wọn ó ránṣẹ́ pè é.

Títẹ̀ ẹ́, lílù ú ní òǹtẹ̀, wíwá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òǹtẹ̀: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìwé tó bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà. Òjíṣẹ́ kóòtù tó yẹ kó mú àṣẹ náà lọ ti relé. Lọ́yà, ìyàwó olùkọ́ àti Ìyá Ògbufọ̀ há mọ́ra lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, tó tẹ̀ sí apá ibi tí ìyá àgbà jókòó sí títí wọ́n fi dé.

Ọ́fíìsì aṣọ́bodè tó ń hó bí ọjà láàárọ̀ ti dá wáí. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Kò sẹ́nì kankan lórí àga akọ̀wé, àmọ́ bàtà Sítáǹpù ń yọ lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, ẹsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nínú àgbàlá, mọ́tò dúdú kan ti tanná, ó ń kùn.

“Mo mú àṣẹ kóòtù wá,” ni lọ́yà wí fún aṣọ́bodè kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀gá wà nípàdé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè gba ìwé kankan lónìí.”

Lọ́yà yíjú sí Ìyá Ògbufọ̀.

“Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mà. Tí kò bá sẹ́ni tó gbà á tó sì fọwọ́ sí ìwé ìgbàwé yìí, wọ́n á ní àwọn ò rí àṣẹ kankan kí mọ́tò tó lọ.”

“Ta ni òfin ní kó gbà á?”

“Òṣìṣẹ́ èyíkéyìí nínú ọ́fíìsì yìí.”

Ìyá Ògbufọ̀ wo káàdì tó so mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Sítáǹpù, ṣé wọ́n ti kọ ìwé pé wọ́n lé mi?”

“Wọn ò tíì kọ ọ́, Ìyá,” ni kọ́bọ́ọ̀dù wí.

“Mú àṣẹ yẹn wá, ọmọ mi.”

Lọ́yà na kálàmù sí i. Kò gbà á. Ó gbé awò sójú, ó fi ìka sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

“Mà, mọ́tò ti ń gbéra.”

“Mo gbọ́ ìró rẹ̀.”

“Mà, ẹ kàn fọwọ́ sí i, adájọ́ ló kọ ọ́, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.”

“Jẹ́ kí n kà á.”

Ìyàwó olùkọ́ kò dúró. Ó ti sáré jáde sí àgbàlá, ó lọ dúró síwájú mọ́tò, báàgì ní àyà. Awakọ̀ náà tẹ fèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò sì lè tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Nínú yàrá, ìka Ìyá Ògbufọ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó gba kálàmù, ó kọ aago àti déètì fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé ìgbàwé, ó sì fi ìrù náà sí i nídìí.

“Mo gbà á,” ó ní. “Sítáǹpù, jáde wá lu òǹtẹ̀.”

Ó yani lẹ́nu pé ó jáde wá. Ó lù ú ní òǹtẹ̀, bóyá ìfẹ́ òǹtẹ̀ ló mú un, bóyá nǹkan mìíràn ni.

Ìró òǹtẹ̀ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Ó gba àṣẹ náà, ó kà á níbi tó dúró sí. Ó wo ìwé ìgbàwé. Ó wo Ìyá Ògbufọ̀.

“Mọ́mì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo kà á.”

Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n ti lù ú ní òǹtẹ̀, sà.” Nígbà tó padà dé, ó gba ojú fèrèsé na ọwọ́ sí mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì kú.

“Ọjọ́ méje péré ni,” ó ní. “Ẹ fún mi ní káàdì yín.”

Ìyá Ògbufọ̀ bọ́ ọ lọ́rùn. Okùn rẹ̀ há mọ́ etí rẹ̀ àti awò rẹ̀, Ọ̀gá sì ní láti bá a tú u, àwọn méjèèjì fojú kojú bẹ́ẹ̀. Ó wá gba ẹ̀dà àṣẹ náà lọ́wọ́ lọ́yà, ó ń yí lọ sí àgbàlá.

“Ẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, Mọ́mì,” Ọ̀gá pè é láti ẹ̀yìn.

“Mo mọ̀, sà. Ọ̀fẹ́ ni eléyìí.”

Wọ́n ti yí gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ wà láàárín aṣọ́bodè méjì, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó di ihò gíláàsì náà mú. Kò mọ ìdí tí mọ́tò fi kú. Ìyá Ògbufọ̀ fi ọwọ́ kan di òrùlé mọ́tò mú, ó bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ikùn gbà á láyè dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un ní èdè rẹ̀: orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, déètì, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà la ẹnu láti béèrè nǹkan.

“Dúró,” ó ní. “Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀.”

Ó kà á dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ yí òǹtẹ̀ ká.

“Ṣé ó yé ẹ?”

Ọwọ́ olùkọ́ tí wọ́n so pọ̀ ti wà lórí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ létí gíláàsì.

“Ẹ tún ibi ọjọ́ méje yẹn kà fún mi,” ó ní.

Ó tún un kà.